Wàràkàṣì Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

"Elof, ìwọ lo jẹ wàràkàṣì mi." Kọfí olùwádìí tó sọ̀rọ̀ náà ti ń tutù, àwo òfìfo ló sì bá lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ bi àwọn ológbò yín."

"Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n? Jẹ́wọ́, wọ̀bìà."

Ọdún mọ́kànlá ni olùwádìí náà ti fi ń wá oògùn àrùn ìdílé tó ń kó ọ̀rá jọ sínú ọpọlọ, níbí ní ìlú Luleå. Ológbò tó bá jogún un kì í lè fò. Nítorí náà, oúnjẹ tó bá ti wà lókè, wọn kì í bò ó.

 Òkè ni Elof ń wò. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn páálí, Lumi, ọ̀kan nínú àwọn ológbò aláìsàn náà, tó ń gba abẹ́rẹ́ oògùn tuntun, jókòó, ó ń lá ẹnu.

Olùwádìí náà nu omi ojú rẹ̀.

"Lọ ra òmíràn wá," ó ní. "Ká gbé e sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."