Wọ́n Ti Ti Ìkànnì Àtijọ́ Pa

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọkọ wà lórí àga gbọọrọ tó ti di ibùsùn rẹ̀ látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un. Ẹni tó máa ń di rìmóòtù mú bí ọ̀pá àṣẹ, ẹnu nìkan ló kù tó ń gbọ́ tirẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Wọ́n ti ti gbogbo ìkànnì àtijọ́ pa. Àpótí wa ò lè gbé àwòrán tuntun."

Ó gbà á gbọ́. Ṣebí ariwo ìkànnì tí wọ́n ń tì pa ló gba ayélujára kan.

Lẹ́yìn ògiri, aládùúgbò figbe ta: "Ó wọlé o!"

Omi bọ́ lójú ọkọ. Bọ́ọ̀lù nìkan ni adùn tó kù fún un láyé.

"Ta ló gbá a wọlé? Jọ̀ọ́, bá mi béèrè."

Ìyàwó jókòó tì í. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fa wáyà kan yọ.

"Ti tẹlifíṣọ̀n rèé. Kò sóhun tó ṣe àpótí wa."

Ó fa òmíràn yọ, ògbólógbòó.

"Èyí, wáyà fóònù ilé ni, abẹ́ aṣọ yín ni mo ti bá a, lọ́jọ́ tí mo ń wá ohun tí ẹ máa wọ̀ lọ ọsibítù. Ọdún tí ara ìyá mi ò yá, ẹ ní wọ́n ti gé gbogbo ìlà fóònù inú ilé. Mo gbà yín gbọ́. Wọ́n ní ó ń pè mí títí ó fi kú."

"Ìyá Ìbejì…"

"Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, Bàbá Ìbejì. Ọjọ́ kan ni òtítọ́ fi ń lé e bá."

Ó tẹ́ wáyà méjèèjì sí i láyà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé.

Aládùúgbò tún figbe ta.