Ta Ló Ń Fi Làpálàpá Ránṣẹ́?

Kò sí ọkùnrin kan nínú ìjọ yìí, ní Rosettenville nílẹ̀ àjèjì níbí, tí làpálàpá ò sí lórí ẹ̀.

Díákónì Olúkúnlé ò fẹ́ gbọ́ pé àrùn lásán ni.

Ó ń gbàdúrà, ó ń laagùn, ó ń jansẹ̀ mọ́lẹ̀:

"Ẹni tó ń fi làpálàpá ránṣẹ́ sí wa láti ilé, Olúwa, tú àṣírí ẹ̀ lónìí!"

Àwọn ọkùnrin ìjọ ń họ orí, wọ́n ń ṣe àmín.

Dókítà Fọláyẹmí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Eish, ẹ̀gbọ́n, sípírítì la fi ń nu kílípà tẹ́ ẹ fi ń gẹ irun wọn kó tó kan orí ẹlòmíì."

Ojú díákónì le. "Kílípà tí pásítọ̀ ta òróró sí? Kí n wá nu òróró dànù?"

Ó yọ kílípà ẹ̀ lápò, ó fẹ́ irun kúrò lẹ́nu ẹ̀.

"Ta ló kàn?"