Ìyàwó Nibaldo àti Agbẹ́lẹ̀

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ya dí àwọn awakùsà mọ́kànlá mọ́ ìsàlẹ̀ ní ibi ìwakùsà Santa Irene ni wọ́n lu ihò tóóró kan dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì bá gbogbo wọn láàyè. Wọ́n sọ wáyà fóònù sínú ihò náà. Wọ́n wá fi Ofelia, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sídìí fóònù. Òun ló ń mú ìròyìn láti ibi ìgbẹ́lẹ̀ wá fún àwọn ẹbí tó pàgọ́ sínú aṣálẹ̀. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, á fún ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì láti bá ẹni tiwọn sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹkún ti tán ní àgọ́. Wọ́n ń dín ẹmpanáda, ìyẹn mítì-páì tiwọn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Uberlinda ló máa ń kọ́kọ́ já fóònù gbà.

"Fermín, ọkọ mi, ṣé o ti ń rù?"

"Mo ti rù bí okùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ihò tí wọ́n ń gbẹ́ fún yín ò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Tí ikùn rẹ bá lọ há síbẹ̀, tó o dínà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, má pè mí ní ìyàwó rẹ o."

Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Nibaldo nìkan ni kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí òun àti Yerka ṣègbéyàwó. Ìlú Calama ló ti mú un wá, níbi tí Yerka ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń wa bàbà. Uberlinda ní oúnjẹ ló ń sè fún wọn níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò tí àwọn ọkùnrin náà máa gbà jáde, Yerka kì í gbé àgọ́ lọ́sàn-án mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dé, eruku á kún ojú rẹ̀, á jẹun bí ẹni tó ti oko bọ̀, á máa pariwo sọ̀rọ̀ bíi pé adití ló ń bá sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, á tún gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wáyà kọjá lọ síbi ẹ̀rọ náà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹbí kankan débẹ̀. Ofelia fúnra rẹ̀ kò débẹ̀ rí; ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fún un ní ìròyìn.

"Tíṣà, ẹ wò ó," ni Uberlinda wí. "Ọkọ wà nínú ilẹ̀, ìyàwó ń tẹ̀rín-tẹ̀rín lọ bá agbẹ́lẹ̀ tó ń wa ẹ̀rọ. Ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà tún ń kí i!"

"Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó dé etí Nibaldo. Ìròyìn ayọ̀ nìkan la fi ń bọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀."

Nítorí náà, nígbà tí Nibaldo bá béèrè ìyàwó rẹ̀, Ofelia á ní ó lọ fọṣọ. Ọjọ́ kẹta tó sọ bẹ́ẹ̀, Nibaldo ní, "Tíṣà, aṣọ mélòó gan-an ni mo ní?"

Ní ti agbẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìròyìn rẹ̀ ń dùn sí i. Wọ́n ní àpáta tó ti ṣẹ́ irin mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ló rọra tàn án bí ọmọ jòjòló títí ó fi kọjá. Àwọn obìnrin àgọ́ ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Àwo òfìfo ló ń padà.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu Uberlinda.

"Fermín, sọ fún Nibaldo kó tètè jáde o! Agbẹ́lẹ̀ tó ń gbà yín là ti fẹ́ gba ìyàwó ẹ̀!"

Ofelia já fóònù gbà, ó ti pẹ́ jù. Ohùn Nibaldo ló gbọ́.

"Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé Yerka ń lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn?"

"Nibaldo, ọmọ mi, fara balẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Nibaldo bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. Ó kígbe nǹkan kan sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì hó yèè débi tí fóònù fi ń ta létí Ofelia.

"Ẹ sọ fún agbẹ́lẹ̀ yẹn pé kó má kúrò níbi tó wà," ni Nibaldo wí. "Tí mo bá jáde, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo máa fi gbá a mú."

Ofelia sáré pe dókítà pé orí ẹnì kan ti ń dàrú nísàlẹ̀. Uberlinda ń fọwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ títí, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe wọ́n, orin ni wọ́n ń kọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkàndínlógún, ihò lu, wọ́n sì ṣí ọgbà wáyà fún àwọn ẹbí. Wọ́n ń fi àpótí irin tóóró fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Fermín ló ṣìkẹta. Uberlinda kọ́kọ́ fọwọ́ wọn ikùn rẹ̀ kó tó sunkún. Nibaldo ló jáde kẹ́yìn. Yerka kò sí láàárín àwọn ẹbí. Nibaldo kò sì wo apá ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ibi tí ẹ̀rọ wà ló kọjú sí. Ofelia sáré tẹ̀ lé e, gbogbo àgọ́ sì ya tẹ̀ lé Ofelia.

"Nibaldo! Nítorí Ọlọ́run! Ẹni yẹn ló gbà yín là!"

"Mo mọ̀, Tíṣà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà.

Ilẹ̀kùn ṣí, agbẹ́lẹ̀ ṣí akoto kúrò lórí, irun gígùn tú dà sí èjìká, Yerka sì fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.