Ibi Tí Kò Fẹ́ Wò

"Ta ló rí pásípọ́ọ̀tù mi?"

Nọ́ọ̀sì tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Sáúdì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti tú àpótí palẹ̀, ó ti gbọn bẹ́ẹ̀dì, kódà ó ti yẹ abẹ́ ìkòkò wò. Níta, dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ gbé e lọ sí Èkó tún tẹ họ́ọ̀nù.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bàálù Sáúdì kì í dúró de ará Òkèrèwè o!"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Fikáyọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́?"

"Èmi tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́? Bó ò bá lọ, kí la ó máa jẹ?"

Òótọ́ ni. Ewúro tó fi pa ọmú láti já Fikáyọ̀ lẹ́nu ọmú ṣì ń rùn láyà rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti kẹ̀yìn sí ẹní tí ọmọ náà wà lórí rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá fojú kan án, ẹsẹ̀ òun kò ní gbé òun dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi," ìyá ọkọ rẹ̀ pè é láti orí ẹní, "wá dágbére fọ́mọ ẹ. Wọ́n ti múná lọ, ooru ò jẹ́ kó sùn. Èmi ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti àárọ̀."

Nọ́ọ̀sì di ilẹ̀kùn mú, ó wẹ̀yìn.

Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó na apá méjèèjì sí i. Lókè orí rẹ̀, lọ́wọ́ ìyá àgbà, pásípọ́ọ̀tù náà ń lọ, ó ń bọ̀.