Òkúta Tí Kò Ní Sàréè

Ersilio ló fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìjọba wá sínú oko. Ó ń gé ẹ̀gún lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ní ìpẹ̀kun ọgbà àjàrà nígbà tó rí òkúta gbígbẹ́ kan, ó sì lọ ròyìn rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ní Cerveteri níbí, nílẹ̀ Ítálì, ẹni tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ da ewé bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ná. Bí wọ́n bá rí sàréè àwọn ará Etruria àtijọ́ lábẹ́ oko ẹni, oko ti di ti ìjọba nìyẹn.

Settimia, opó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ni oko náà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò lọ́mọ, kì í sì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ersilio nìkan ló máa jogún rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní onímọ̀ òkúta ń bọ̀, ara Settimia kò lélẹ̀ mọ́. Á gbé kọfí kaná, á sáré jáde lọ wo ọ̀nà, kọfí á hó dànù.

"Òpònú! Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gún yẹn. Mo kàn lọ ṣe ojú mi lọ́dọ̀ dókítà ni, kí n tó dé o ti gé gbogbo ẹ̀."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo rò pé ejò ló wà níbẹ̀ ni."

"Ejò náà ì bá kúkú bù ẹ́ jẹ."

Obìnrin kan, Loredana Palozzi, ni wọ́n rán wá. Ó kúnlẹ̀ ti òkúta náà, ó nu ún. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ilé kékeré tó ní òrùlé.

"Obìnrin ni wọ́n gbẹ́ èyí fún," ó sọ fún Ersilio. "Lẹ́nu sàréè àtijọ́, òpó ni ti ọkùnrin, ilé ni ti obìnrin."

"Ta ni ò mọ̀yẹn nílùú yìí?" Settimia ló dáhùn. Wọn ò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn wọn.

Palozzi ha díẹ̀ lára òkúta náà, ó fi awò wò ó. Nígbà tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ìyá arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ má gbẹ́ ẹ jìn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Etí ẹ̀ lásán ni."

Ó wo ìdí òkúta náà títí, ó wá dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Àpáta abẹ́ oko yín pọ́n, ó sì rọ̀. Èyí dúdú, ó le, irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn sàréè òkè lọ́hùn-ún ni. Irin ni wọ́n fi yọ ọ́ níbẹ̀, ojú irin ṣì wà lára ẹ̀. Àfọ́kù ìgò ayé òde òní ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Olè ló gbé e wá síbí, kò ráyè padà wá mú un. Kò sí sàréè kankan lábẹ́ ẹ̀."

Ersilio fò sókè, ó di ìyá náà mọ́ra. "Àǹtí, oko yín ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba!"

"Ọkọ̀ wa máa wá gbé òkúta lọ sílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́la," Palozzi wí.

"Bẹ́ ẹ bá ti ń gbé e, katakata mi ń wọlé. Màá tú ibẹ̀, màá gbin àjàrà síbẹ̀ dé ìdí ọ̀pọ̀tọ́."

Settimia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé òrùlé òkúta náà.

"Ẹ gba oko," ó wí. "Gbogbo ẹ̀. Ẹ fi òkúta sílẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!" Ersilio ti ń bínú. "Kí lẹ rì mọ́bẹ̀, wúrà?"

"Màmá, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," Palozzi wí pẹ̀lẹ́. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀," ni Settimia wí, "àlùfáà ò jẹ́ ká sin ín sílẹ̀ ìjọ nítorí pé ó kú kí omi ìrìbọmi tó kan orí ẹ̀, lèmi àti bàbá ẹ̀ fi lọ jí ilé yìí gbé fún un, kó má baà sùn síta."