Àgbò Tí Ọrùn Rẹ̀ Kò Wú

"Kí ló dé tí ti Faridatou kò wú?"

Ràúfátù, ìyáálé, ló ń béèrè. 

Ikọ́ ń pa àgùntàn ní Ko-Koumolou. Nítorí náà ni ọkọ wọn ṣe ní kí dókítà ẹran wá fún ẹran àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí òun tó gba oko lọ.

Ní báyìí, ọrùn gbogbo àgbò Ràúfátù ti yọ kókó. Òmíràn ti di eéwo.

Ti ìyàwó kékeré ń dán.

Iléyá sì ti dé tán. Àgbò ìyàwó tó bá wu ọkọ wọn ni yóò pa.

"Ìyàwó, kí lo fún dókítà tó fi rọra gún tìrẹ?"

"Orí ló yàtọ̀, Ìyáálé. Ẹ lọ fi omi gbígbóná jó tiyín."

Owú gbé Ràúfátù wọ ọgbà ẹran Faridatou. Ó ń fọwọ́ wá kókó lọ́rùn àwọn àgbò ibẹ̀. Kò rí ẹyọ kan.

Àgbò tó tóbi jù wúkọ́. Ikun ń ṣàn nímú rẹ̀.

Ràúfátù wo ẹ̀yìn wọn.

Ọ̀dà búlúù tí dókítà fi sàmì sẹ́yìn gbogbo ẹran tó gún, tó ṣì wà lára tirẹ̀, kò sí lára ìkankan níbí.