Ohun Tó Mú Ọwọ́ Aránṣọ Gbọ̀n

Ẹ ka èyí tán kí ẹ tó dìde níbi tí ẹ jókòó sí. Bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ wà nínú àpò tiyín náà.

1.
Ojú rírán wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ya ọkọ aránṣọ náà lẹ́nu nìyẹn. Kò sí aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ rán rí tí òwú rẹ̀ kì í lọ tààrà bí ẹni fi rúlà fà á, àfi aṣọ ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn yìí, tó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ọ̀mùtí.

“Màṣíìnì ni,” ìyàwó ní. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó rọ epo sí i, ó tú ojú rírán náà, ó tún un rán. Ó tún wọ́. Aránṣọ gidi ni: bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, irinṣẹ́ ló ń fura sí, kì í fura sí ara rẹ̀.

2.
Alátùn-únṣe aago ni ọkọ. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá Ìyàwó, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ṣé ìfẹ́ ló dé lọ́sàn-án gangan?”

“Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Dákẹ́ ná.”

Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago. Ọkàn ìyàwó rẹ̀ ń sáré fi ọwọ́ aago sílẹ̀ lẹ́yìn.

“Kí lò ń lò?”

“Hóró tí dókítà kọ fún mi, kí oúnjẹ má baà máa wù mí jù.”

“Ìyẹn nìkan?”

Ó wolẹ̀. “Àti tíì apasanra tí mo rà, èyí tí wọ́n ní ó ń mú ara fọn. Dókítà bi mí bóyá mò ń lo oògùn mìíràn, mo ní rárá. Ṣebí ewé lásán ni.”

“Ta ló ní o sanra jù? Èmi ni?”

“Ẹ̀yin kọ́. Téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà ni.”

“Téèpù ò bá ọ gbé. Èmi ló ń bá ọ gbé. Dìde, ká lọ.”

3.
Ọsibítù dá a dúró. Aránṣọ mìíràn ló parí aṣọ ọmọ rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni òun ti wo ìgbéyàwó lórí fóònù, tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀, tí ọmọ ń sunkún, tí òun náà ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí dókítà bá bi yín pé kí lẹ ń lò, ẹ dárúkọ gbogbo rẹ̀: hóró, tíì, ìyẹ̀fun, èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín. Nítorí nígbà tí wọ́n yẹ tíì yẹn wò, wọ́n bá oògùn apebi nínú rẹ̀, tó ń lé ebi lọ bíi ti hóró dókítà, èyí tí wọn kò kọ sára páálí. Màṣíìnì kò ṣe nǹkan kan. Oògùn méjì tó ń ṣiṣẹ́ kan náà ló pàdé nínú ara kan, ẹni tó gbé wọn mì kò sì jẹ́ kí dókítà mọ̀.